Ohun Tó Ń Mú Búrẹ́dì Mi Wú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹwàá, 1970

Ìwé yìí, ti ọkọ mi, Bàbá Fọlábí, ni tẹ́lẹ̀. Ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí ojú ewé méjì àkọ́kọ́ kí iléèwé tó fún un ní tuntun. Mo ya ojú ewé méjèèjì dànù. Èyí tó kù, tèmi ni.

Ọ̀rọ̀ ààrò búrẹ́dì mi ni mo fẹ́ máa kọ síbẹ̀ títí di Kérésì, torí Kérésì ni àdéhùn wa. Ìlú Tápà ló ti ń ṣe tíṣà láti ọdún tó kọjá. Ọjọ́ Ẹtì ló ń wálé sí Igbó-Ọrà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Wọ́n ti fún un ní yàrá méjì nínú ọgbà iléèwé báyìí. Ó ní bí búrẹ́dì mi kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí Kérésì tó dé, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n máa bọ̀ ní Tápà, kí n padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, tó kàn ń dúró kí èmi náà mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi mọ ààrò náà. Mo ru amọ̀ láti odò, mo fẹsẹ̀ pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, mo to àfọ́kù ìgò sábẹ́ rẹ̀ kí ooru má bàa sá lọ. Ó gba páànù ọgbọ̀n. Láti oṣù Keje tí mo ti ń yan búrẹ́dì, méjìlá ló pọ̀ jù tí mo tà lójúmọ́. Páànù méjìdínlógún ń wò mí láti orí pẹpẹ.

Lọ́sàn-án òní ni Ìyá Búrẹ́mọ̀ wọlé. Hàlímọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Agbo ilé wọn ló kọjú sí tiwa. Ògì ló ń tà, òun náà ló sì ń bá mi gbé búrẹ́dì mọ́ ògì kiri láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Ààwẹ̀ dé tán. Mo ti bá gbogbo agbo ilé sọ̀rọ̀ láti ibí dé mọ́ṣáláṣí. Búrẹ́dì ni wọ́n máa fi ṣínu lọ́dún yìí. Ọgbọ̀n lójúmọ́, Tinúkẹ́. Ṣé wàá lè ṣe é?"

Mo ní màá lè ṣe é. Ìgbà tó lọ tán ni mo ka páànù orí pẹpẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Oṣù Kẹwàá

Fúláwà ti tún gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á fún mi ní Èrúwà ní ogun ló fà á. Mo ní ogun ti parí láti oṣù Kìíní. Ó ní ṣé mo fẹ́ rà á ni àbí mo fẹ́ ka ìwé ìròyìn fún òun.

Mo ti sọ fún Òjó, adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ lẹ́yìn odò, pé kèrègbè méjì ni kó máa gbé wá lójúmọ́ dípò ẹyọ kan. Àárọ̀ ni mo máa ń gbà á, màá jẹ́ kó silẹ̀ títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi wà nísàlẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni màá fi po fúláwà. Bí ọ̀gá mi ní Abẹ́òkúta ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọdún méjì ni mo fi sìn ín, kò sì sí ọjọ́ tí kò sọ ọ́ sí mi létí pé bí kò sí ẹmu, kò sí búrẹ́dì.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n rí oṣù lánàá. Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo bọ́ aṣọ tí mo kó sídìí ààrò. Bàbá Fọlábí bá mi la igi kó tó wọkọ̀ Tápà, kò sì sọ ohunkóhun nípa yàrá méjì.

Páànù ọgbọ̀n wọ inú ààrò lẹ́ẹ̀kan náà, àkọ́kọ́ irú ẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo wọn ló gbórí sókè. Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín sókè lẹ́hìnkùlé.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kọkànlá

Ìyá Búrẹ́mọ̀ dé ní àárọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Kò sí èyí tó ṣẹ́ kù. Ó ní Àáfà Sàláúdéènì, bàbá arúgbó tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì ní iwájú mọ́ṣáláṣí, mú búrẹ́dì mi kí wọ́n tó gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Òun ni wọ́n fi kan ẹnu lákọ̀ọ́kọ́, Tinúkẹ́! Wọ́n ní kí Ọlọ́run bù sí i fún ọ."

Mo ń ṣàmín lọ́wọ́ ni Òjó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú kèrègbè méjì. Ó kí wa, ó gbé wọn sílẹ̀, ó lọ. Ìyá Búrẹ́mọ̀ wo kèrègbè, ó wò mí.

"Bàbá Fọlábí ti wá ń mu ẹmu tó báyìí?"

"Àlejò là ń retí," ni mo wí.

Irọ́ náà ti jáde kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni mo fẹ́ pa. Ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ náà yé mi. Àárín Mùsùlùmí ni mo dàgbà sí, mo mọ̀ pé wọn kì í fẹnu kan ẹmu. Ṣùgbọ́n mi ò fi èyí tó ń mú búrẹ́dì wú pe ẹmu rí lọ́kàn mi. Bí igi ìdáná ni mo ṣe ń kà á, ohun èlò iṣẹ́ lásán. Ní Abẹ́òkúta, gbogbo ayé ló ń ra búrẹ́dì ọ̀gá mi, ẹnikẹ́ni kò bi wá ní nǹkan kan.

Mo po ti òní. Ọwọ́ mi wúwo nínú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kọkànlá

Ọgbọ̀n. Ìyá ìbejì méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí méjì tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Bàbá Fọlábí. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bíi tíṣà.

"Iná ti gba ẹmu kúrò nínú ẹ̀. Ta ni búrẹ́dì ti pa bí ọtí rí?"

"Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ṣé wọ́n bi ọ́ ni? Ìyá Fọlábí, má dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kọkànlá

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lánàá nítorí yíìsì inú agolo. Mo gbọ́ pé òun ni àwọn ilé búrẹ́dì ńlá fi ń mú búrẹ́dì wú dípò ẹmu. Ọkùnrin tó tà á fún mi búra pé kò tíì pé oṣù kan tó ti ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀. Agolo náà ti dípẹtà létí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì gbà á gbọ́.

Mo sọ fún Òjó pé kó má wá lọ́la. Inú mi dùn bí ẹni tó ti bọ́ nínú wàhálà.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kọkànlá

Kò wú. Mo dúró títí aago kan, mo dúró títí aago méjì, mo sún un sítòsí iná, mo da aṣọ bò ó. Ó dùbúlẹ̀ nínú páànù. Mo yan án bẹ́ẹ̀ torí àwọn èèyàn ń retí. Ọgbọ̀n bíríkì.

Ìyá Búrẹ́mọ̀ fi èékánná kan ọ̀kan. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní iná ni kò dáa. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kọkànlá

Mo ránṣẹ́ sí Òjó. Ó wá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Fọlábí, mo mọ̀ pé ẹ máa wá mi."

Búrẹ́dì wú bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń wú, inú mi kò dùn. Gbogbo bí mo ṣe ń pe ara mi ní oníbúrẹ́dì yìí, ọwọ́ mi ò ní nǹkan kan nínú. Bí Òjó bá jábọ́ lórí ọ̀pẹ lọ́la, iṣẹ́ mi parí. Bóyá ohun tí Bàbá Fọlábí ti rí nìyẹn tí kò sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kọkànlá

Àáfà Sàláúdéènì dúró lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ti Jímọ̀ ń bọ̀. Wọ́n ti ọ̀pá bọlẹ̀, wọ́n ní kí àwọn tó tẹ̀ lé wọn wò mí dáadáa. "Obìnrin yìí, ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ó sì ń jó ara rẹ̀ nínú oòrùn torí kí àwa lè ṣínu. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́." Gbogbo wọn ṣe àmín yíká.

Mo kúnlẹ̀. Mi ò lè wò wọ́n lójú. Mo rò pé wọ́n kàn kà á sí pé ọ̀wọ̀ ni mo ń fún wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kọkànlá

Mo ti sọ ọ́.

Páànù ọgbọ̀n ti wà nílẹ̀, wọ́n ti wú dé etí, igi ti ń jó. Ìyá Búrẹ́mọ̀ wá gbé àtẹ kó lè lọ fọ̀ ọ́.

"Ìyá Búrẹ́mọ̀, ẹ jókòó."

"Ààwẹ̀ ń gbẹ mí lọ́fun, Tinúkẹ́. Sọ ọ́ kíá."

"Ẹmu ni mo fi ń po búrẹ́dì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹmu wo?"

"Ẹmu ọ̀pẹ, ti Òjó. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ló ń mú un wú. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ọjọ́ tó o ní àlejò lẹ̀ ń retí ńkọ́?"

"Mo purọ́."

"Ọjọ́ tó o ní iná kò dáa?"

"Irọ́ ni, mà. Mo gbìyànjú nǹkan mìíràn lọ́jọ́ yẹn, kò ṣiṣẹ́."

Ó jókòó wàyí. Ó tú òṣùká rẹ̀, ó tún un ká, ó tún un tú. "Orí mi ni mo fi gbé e," ló wí. "Orí mi yìí. Mo gbé e dé iwájú Àáfà, bàbá àgbàlagbà tó gbààwẹ̀ láti sààrì. Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n fi ṣáájú omi, Tinúkẹ́."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

"Ta ló ti gbọ́?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́."

"Ṣé ẹnì kan ló fẹ́ tú ọ fó lo fi wá sọ ọ́?"

"Rárá, mà."

Ó dìde, ó fi àtẹ sílẹ̀, ó lọ.

Mo yan búrẹ́dì náà torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo pín in fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní ó dùn. Ó dùn lóòótọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kọkànlá

Bàbá Fọlábí kò ní "mo sọ fún ọ." Ó kàn bi mí bóyá kí òun bá mi wá ẹni tó máa ra páànù. Mo ní Kérésì la dá, Kérésì kò sì tíì pé. Bí mo ṣe dá a lóhùn le ju bí ọkàn mi ṣe rí lọ.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kọkànlá

Ìyá Búrẹ́mọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ti lọ sọ fún Àáfà fúnra rẹ̀. Àáfà ní ẹni tí kò mọ̀, Ọlọ́run kò ní ká a sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n àwọn ti mọ̀ báyìí. Wọ́n kò bú mi. Àwọn obìnrin ló bú mi. Wọ́n ti ní kó má gbé ohunkóhun láti ilé mi wọ àdúgbò mọ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Búrẹ́mọ̀?"

"Èmi náà wà nínú àwọn obìnrin," ló wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti ń fẹ́. Ààrò tutù, mo fọwọ́ lé e, ó tutù bí ògiri lásán. Mo jókòó tì í láti àárọ̀, mo ń rò ó pé kí ni mo mọ̀ gan-an, kí ni mo mọ̀ tí kì í ṣe pé ẹnì kan ló yá mi.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ààrò. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi níyẹn. Bíríkì ni ti ọ̀gá mi. Mo fi ojú wo iná, mo mọ ìgbà tó tó. Mo mọ ìgbà tí fúláwà mu omi yó.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìyá mi. Ògì ni ìyá mi tà títí wọ́n fi kú. Nígbà tí mo dé Abẹ́òkúta, ọ̀gá mi máa ń pè mí ní ọmọ ológì bí mo bá ṣe àṣìṣe, ojú sì máa ń tì mí débi pé mi ò sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ìkòkò omi ògì wọn. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ooru, á máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, á sì ti ọmọrí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo máa ń rò pé nǹkan wà láàyè nínú ẹ̀.

Bí ó bá lè ti ọmọrí, kí ló dé tí kò fi lè ti fúláwà?

Àgbàdo tí mo bá rẹ lónìí, ó di ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó di ògì, ọjọ́ sì ń lọ. Ẹni kan ṣoṣo ló ní omi ògì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé abọ́, mo sọdá.

Ìyá Búrẹ́mọ̀ ń sẹ́ ògì lọ́wọ́. Kò kí mi káàbọ̀.

"Mo wá tọrọ omi ògì, mà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Búrẹ́dì."

Ó gbójú sókè. Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó bu omi sí i, ó kún dé ẹnu. "Ti ọwọ́ mi nìyẹn," ló wí. "Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Má fi nǹkan kan kún un."

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kọkànlá

Mo po omi náà mọ́ fúláwà díẹ̀ nínú ìkòkò kékeré. Lánàá kò ṣe nǹkan kan. Lónìí mo rí ihò wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, bí ihò ara àkàrà.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kọkànlá

Mo yan ẹyọ kan. Ó kan, ó sì le. Mo jù ú sí ewúrẹ́, ewúrẹ́ jẹ ìdajì, ó fi ìdajì sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kọkànlá

Mo yan méjì sí i. Bàbá Fọlábí jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó ń jẹ ẹ́ lọ. Mo ní ṣé ó dáa. Ó ní, "Mo ṣì wà lórí òkèlè àkọ́kọ́." A jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín báyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kọkànlá

Inú ìwàásù ni mo wà tí mo ti rí ohun tí mo ń ṣe tí kò dáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí ìjókòó.

Ìyá mi kì í jẹ́ kí ògì sùn nínú omi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àràárọ̀ ni wọ́n ń da omi àná nù, tí wọ́n ń bu tuntun sí i. Wọ́n ní bí a kò bá pààrọ̀ omi rẹ̀, kíkan á pa á. Èmi sì fi ìkòkò kan náà sílẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò pààrọ̀ nǹkan kan!

Mo délé, mi ò tíì bọ́ gèlè. Mo da ìdajì nù, mo fi fúláwà tuntun àti omi tútù sí i. Nírọ̀lẹ́ mo tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kọkànlá

Àárọ̀, mo da ìdajì nù. Ìrọ̀lẹ́, mo da ìdajì nù. Ìnáwó ni, fúláwà sì wọ́n, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti yí padà. Kò kan imú mọ́. Ó ń rùn bí èso tó pọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kọkànlá

Ó ti ọmọrí!

Mo jí bá a bẹ́ẹ̀, ọmọrí wà nílẹ̀, ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Mo fi po páànù mẹ́rin. Ó lọ́ra ju ti ẹmu lọ, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé etí, ṣùgbọ́n ó dé etí. Mo yan án. Nígbà tí mo bu ọ̀kan, ó rọ̀, ó fẹ́lẹ́, ó ní kíkan díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n tí ti tẹ́lẹ̀ kò ní. Mo jẹ odindi kan tán lórí ìdúró. Mo pariwo orúkọ ìyá mi, adìẹ sá.

Mo gbé ọ̀kan sọdá sí Ìyá Búrẹ́mọ̀. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀, oòrùn kò tíì wọ̀.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kọkànlá

Ìyá Búrẹ́mọ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó ti jẹ ẹ́. Kò sọ bó ṣe rí. Ó ní òun lè padà bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn á bi òun pé kí ló mú un dá òun lójú, òun kò sì ní fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi dá wọn lóhùn mọ́. Kí ìkòkò náà máa sùn lọ́dọ̀ òun. Òun á máa gbé e wá láràárọ̀, òun á jókòó tì mí títí màá fi pò ó tán, òun á gbé e lọ.

"Ṣé olè ni mí ni?" Ọ̀rọ̀ náà já lẹ́nu mi.

"Olè kọ́ ni ọ́," ló wí. "Ìwọ náà mọ ohun tó o jẹ́."

Mo gbé ìkòkò fún un. Inú bí mi. Èmi ni mo ṣe é, ìrònú mi ni, ìyá mi ni, ìkòkò mi ni, mo sì ní láti dúró kí wọ́n gbé e wá fún mi bí aláìsàn tí ń retí oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú sí i, kò sí ohun tó béèrè tí èmi náà kò ní béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kọkànlá

Mẹ́wàá ni wọ́n gbà lónìí, fún ìdánwò. Ìyá Búrẹ́mọ̀ jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi, ó sì ń bó ẹ̀gúsí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "iyọ̀ ńkọ́" lọ.

Àwọn obìnrin ní kí Ìyá Búrẹ́mọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú àwọn nígbà ìṣínu. Ó jẹ ẹ́ lójú wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kọkànlá

Ogún. Òjó yà, ó ní òun kò rí mi. Mo ní mi ò ní nílò ẹmu mọ́.

"Ta ló wá ń tà á fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń tà á fún mi. Èmi ni mò ń ṣe é."

Kò gbà mí gbọ́. Ó wo inú páànù, ó wo ojú mi, ó mi orí. Mo ra ẹmu ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún Bàbá Fọlábí, kí ó má bàa lọ lọ́wọ́ òfo. Ìyá Búrẹ́mọ̀ ń wò wá láti orí àpótí. Mo gbé ìgò náà kọjá níwájú rẹ̀ gbangba, mo gbé e wọ yàrá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kọkànlá

Ọgbọ̀n. Bàbá Fọlábí la igi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ búrẹ́dì, ó tún bu sí i. Ó ní, "Èyí ní adùn." Tíṣà kì í yára gbóríyìn fún èèyàn, mo gba èyí tí mo rí.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀la ni ìtúnu ààwẹ̀. Ọgọ́ta ni wọ́n ní kí n yan, ìgbà méjì ni ààrò fi kún. Ìyá Búrẹ́mọ̀ kò ráyè jókòó wò mí lónìí. Àárọ̀ ló gbé ìkòkò sílẹ̀, ó sáré lọ gbọ́ ti ògì rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló tó wá gbé e. Mo rò pé yóò bi mí bóyá mo fi nǹkan kún un. Kò bi mí. Mo fẹ́ kó bi mí, kí n lè rí i sọ pé rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kejìlá

Ojú ọ̀nà kún fún aṣọ funfun láti àárọ̀. Àáfà Sàláúdéènì kọjá, wọ́n kí mi, mo kúnlẹ̀, mo sì wò wọ́n lójú. Wọ́n ní, "Oníbúrẹ́dì, ọdún á yabo." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó mi.

Lẹ́yìn ọ̀sán, Ìyá Búrẹ́mọ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ tuntun lára rẹ̀ àti abọ́ ìrẹsì ẹlẹ́ran lọ́wọ́ kan. Ọwọ́ kejì, ìkòkò mi ló fi gbé. Ó gbé ìrẹsì fún mi. Ó lọ tààrà sí orí pẹpẹ, ó sún páànù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ìkòkò kalẹ̀ sáàárín wọn, ó sì jókòó.

"Kó máa sùn níbí," ló wí.

Mo ní, "Àwọn obìnrin ńkọ́? Bí wọ́n bá bi yín?"

"Wọ́n ti bi mí lánàá. Wọ́n ní nígbà tí mi ò jókòó tì ọ́, báwo ni mo ṣe mọ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Mo ní ṣé wọ́n gbàgbé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa ẹmu yẹn ni? Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Ìwọ lo pè mí jókòó tó o sọ ọ́ fún mi, tí ọgbọ̀n sì wà nínú páànù. Mo ti rò ó láti ọjọ́ yẹn, Tinúkẹ́. Kí ni mo wá ń ṣọ́?"

Mo sunkún lójú rẹ̀, mi ò fi pa mọ́. Ó ní kí n jẹ ìrẹsì mi kó tó tutù, pé ọdún ni. Nígbà tó ń lọ, ó gbé àtẹ tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, tí kò fọwọ́ kàn ní gbogbo ìgbà tó ń fi àtẹ ilé rẹ̀ gbé búrẹ́dì. Ó ní ó ti dọ̀tí, òun ń lọ fọ̀ ọ́.

Mo da ìdajì inú ìkòkò nù, mo fi fúláwà àti omi tútù sí i. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí Bàbá Fọlábí, onímọ́tò kan á bá mi mú un dé Tápà lọ́la. Kérésì ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí iléèwé rẹ̀ fi ní láti dúró títí dìgbà yẹn. Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n fi yàrá kejì sílẹ̀ fún tíṣà mìíràn.